Ṣé Toyota Celica ọdún 2001 ṣì ṣeé wà láti Adó-Èkìtì lọ sí Ẹ̀fọ̀n-Aláayè?

Ó ṣeé wà, bí ẹ bá ń ṣọ́ ọ́ìlì rẹ̀ dáadáa. Tó bá jẹ́ ẹ́ńjìnì 1ZZ ni, ihò tí ọ́ìlì ń gbà padà lára písítìn rẹ̀ kéré. Ìdọ̀tí á dí i, ríǹgì tó yí písítìn ká á gan, ọkọ̀ á wá máa jẹ ọ́ìlì. Lọ́sẹ̀ọ̀sẹ̀, kí ẹ tó ṣíná, ẹ fa ọ̀pá ọ́ìlì yọ, ẹ nù ún, ẹ tì í padà, ẹ tún fà á yọ kí ẹ tó wò ó. Bó bá ti lọ sílẹ̀, ẹ bù kún un kíá.

Ọ́ìlì bíréèkì, ọdún méjì-méjì ni kí ẹ máa pààrọ̀ rẹ̀. Ó máa ń fa omi mọ́ra; tí ẹ bá ń sọ̀ kalẹ̀ lórí òkè Ẹ̀fọ̀n, ooru á mú omi yẹn hó, bíréèkì á sì rì wọlẹ̀ lábẹ́ ẹsẹ̀ yín. Táyà tí wọ́n kọ 1215 sí lára, ọ̀sẹ̀ 12 ọdún 2015 ni wọ́n ṣe é. Ó ti pẹ́ jù; ẹ jọ̀ọ́, ẹ má rà á.