Ìbéèrè Òǹkàwé: Pánẹ́ẹ̀lì Sólà Mélòó Ni Òrùlé Yín Lè Gbà?

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́ o. Ilé ilẹ̀ ni tiwa ní Bódìjà, Ìbàdàn. Apá òrùlé tó kọjú sí gúúsù gùn ní mítà 12, ó sì jẹ́ mítà 5 láti góńgó dé etí. Onísólà kan ní pánẹ́ẹ̀lì 550 wáàtì 17 ló máa gbà. Òmíràn ní 12 péré. Tánkì omi wa wà lórí irin níwájú ibẹ̀. Ta ni ká gbà gbọ́?

Ìdáhùn: Ẹ gba ẹni tó ní 12 gbọ́. Ẹni tó ní 17 yọ ààbọ̀ mítà kúrò ní etí mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, ìyẹn sì dára, torí etí òrùlé ni ìjì ti ń já nǹkan jù. Ó ku mítà 11 ní 4, ìyẹn 44 níbùú lóròó. Pánẹ́ẹ̀lì kan jẹ́ mítà 2.28 ní 1.13, bíi 2.58 níbùú lóròó. Ó fi 2.58 pín 44, ó rí 17. Ṣùgbọ́n pánẹ́ẹ̀lì kì í ṣe àmàlà tí a lè tẹ̀ mọ́ kọ̀rọ̀ abọ́. Tí ẹ bá nà á ró, ìlà méjì ń fẹ́ mítà 4.56, mítà 4 lẹ sì ní. Ìlà kan ṣoṣo ló máa wọlé, pánẹ́ẹ̀lì 9. Tí ẹ bá dá a bùú, ìlà mẹ́ta á wọlé, mẹ́rin mẹ́rin lórí ìlà kọ̀ọ̀kan. 12 náà nìyẹn.

Pánẹ́ẹ̀lì 12 jẹ́ kìlówáàtì 6.6. Ní Ìbàdàn, ẹ ka yúnítì 3.5 lójúmọ́ sí kìlówáàtì kọ̀ọ̀kan, lẹ́yìn tí ooru, eruku àti wáyà bá ti jẹ tiwọn. Ẹ máa rí bíi yúnítì 23 lójúmọ́, yúnítì kan náà tí ẹ ń rà sí mítà iná. Ní oṣù keje àti ìkẹjọ, tí kùrukùru bá bo ojú ọ̀run, ẹ má retí ju 16 sí 18 lọ. Iye ti oṣù kẹjọ yìí ni kí ẹ fi ṣírò ohun tí ẹ fẹ́ máa tàn. PVGIS àti Global Solar Atlas, ìkànnì méjì tó ń ṣírò iná tí sólà lè mú wá níbì kan, wà lọ́fẹ̀ẹ́ lórí íntánẹ́ẹ̀tì. Ẹ tẹ àdúgbò yín sí i, ẹ ó rí ti oṣù kọ̀ọ̀kan.

Tánkì yẹn gan-an ló ń kọ wá lóminú. Bó bá fi mítà 2 ga ju pánẹ́ẹ̀lì lọ, òjìji rẹ̀ ní oṣù Kejìlá á gùn tó bíi mítà 2.4 ní nǹkan bí aago mẹ́wàá àárọ̀, àti lẹ́ẹ̀kan sí i lẹ́yìn aago mẹ́ta ọ̀sán. Inú pánẹ́ẹ̀lì pín sí ọ̀nà mẹ́ta, òjìji kékeré lórí ọ̀nà kan sì lè mú ìdá kan nínú mẹ́ta agbára rẹ̀ lọ. Ẹ fi ṣọ́ọ̀kì sàmì sí ibi tí òjìji dé ní aago mẹ́wàá, aago kan àti aago mẹ́rin. (Aago méjìlá kọ́ ni oòrùn máa ń wà láàárín ọ̀run ní Ìbàdàn, ó di aago méjìlá ààbọ̀ sí aago kan.) Kí púlọ́ńbà gbé tánkì lọ sí apá àríwá ilé. Ó sàn ju kí ẹ pàdánù pánẹ́ẹ̀lì méjì lọ.

Ìbéèrè: Apá àríwá nìkan ni àyè wà lórí òrùlé wa ní Sùúrùlérè, Èkó. Wọ́n ní kò wúlò. Ṣé lóòótọ́ ni?

Ìdáhùn: Ìmọ̀ràn ará London nìyẹn. Níbẹ̀, gúúsù ni oòrùn ọ̀sán máa ń wà ní gbogbo ọdún. Ní Èkó, láti ọ̀sẹ̀ kìíní oṣù kẹrin títí dé ìbẹ̀rẹ̀ oṣù kẹsàn-án, apá àríwá ni oòrùn ọ̀sán gangan wà. Bí òrùlé yín kò bá dagun ju ìwọ̀n 15 lọ, ohun tí ẹ máa pàdánù lọ́dún kò tó ìdá 10 nínú ọgọ́rùn-ún. Ti òrùlé gíga ṣóńṣó ayé òde òní, ìwọ̀n 35 sókè, ló yàtọ̀: oòrùn oṣù Kejìlá á kàn fẹ̀gbẹ́ kàn án ni. Nírú ilé bẹ́ẹ̀, ẹ wá apá ìlà-oòrùn tàbí ìwọ̀-oòrùn. Ẹ má jẹ́ kí wọ́n fi irin gbé pánẹ́ẹ̀lì nàró lórí apá àríwá kó lè kọjú sí gúúsù. Ìgbòkun lẹ ta fún ìjì yẹn.

Ìbéèrè: Asibẹ́sítọ̀ àtijọ́ ló bo ilé bàbá wa ní Abẹ́òkúta. Ṣé ó lè gbé sólà?

Ìdáhùn: Rárá o. Ẹ má lu ihò kankan sí i: eruku rẹ̀ ń fa jẹjẹrẹ ẹ̀dọ̀fóró, èyí tó ti gbó sì lè ṣẹ́ mọ́ ẹni tó gùn ún lẹ́sẹ̀. Ẹ kọ́kọ́ pààrọ̀ rẹ̀ sí páànù, tàbí kí ẹ fi irin kọ́ ìdúró pánẹ́ẹ̀lì sí àgbàlá.

Tí ẹ bá máa pààrọ̀ rẹ̀, ẹ yẹ igi wò kí káfíńtà tó kan páànù tuntun. Ẹ gba ihò àjà wọlé pẹ̀lú tọ́ọ̀ṣì, kí ẹ fi sikurudiráfà gún àwọn igi 2×3 tí òrùlé jókòó lé. Bó bá wọlé bí ẹni gún àkàrà, ikán ti jẹ ẹ́ tán. Pánẹ́ẹ̀lì 12 àti irin wọn wúwo tó bíi kìlógíráàmù 400. Igi tó le lè gbé e, àmọ́ ìjì tó ń fà á sókè ló ń ba nǹkan jẹ́ jù, torí náà inú igi ni sikúrù gbọ́dọ̀ wọ̀. Orí ibi tó ga lára páànù ni kí wọ́n lù ú sí, pẹ̀lú wọ́ṣà onírọ́bà. Èyí tí wọ́n bá lù sínú kòtò páànù, tí rọ́bà rẹ̀ bá ti sán, á máa jò sórí bẹ́ẹ̀dì yín.

Kí àyè sẹ̀ǹtímítà 10 sì wà láàárín pánẹ́ẹ̀lì àti páànù. Ìwọ̀n ooru 25 ni wọ́n fi wọn agbára tí wọ́n kọ sẹ́yìn rẹ̀. Tó bá gbóná dé 60 lọ́sàn-án, nǹkan bí ìdá 12 nínú ọgọ́rùn-ún ti lọ, èyí tí wọ́n bá sì lẹ̀ mọ́ páànù kó lè rẹwà á gbóná jù bẹ́ẹ̀ lọ.