Nígbà tí ọwọ́ bá kọ̀ láti ju bọ́ọ̀lù

Àbúrò mi tó kọ̀wé pé sáàfù rẹ nínú tẹ́nìsì orí tábìlì, ìyẹn gbígbá tí wọ́n fi ń bẹ̀rẹ̀ pọ́íǹtì, máa ń dán mọ́rán níbi ìdánrawò, àmọ́ tí ọwọ́ rẹ ń kú tí rẹfirí bá ti jókòó, táwọn ará ilé sì ń sọ pé ayé ló wà nídìí ẹ̀: ó ṣe mí rí. Ọdún méjì ni mo fi bá a jà.

Òṣogbo níbí náà ni. Lọ́jọ́ ìdíje kan, pọ́íǹtì kan ṣoṣo ló kù kí n borí. Mo tẹ́ àtẹ́lẹwọ́ òsì, mo gbé bọ́ọ̀lù lé e. Òfin tẹ́nìsì orí tábìlì ni pé kó fò sókè tó sẹ̀ǹtímítà 16, ó kéré tán. Ọwọ́ kọ̀. Ìka mi le gbagidi, òógùn mú bọ́ọ̀lù lẹ̀ mọ́ ọn. Nígbà tó máa fò, ẹ̀gbẹ́ ló gbà, afẹ́fẹ́ ni bátì mi gbá.

Kóòṣì mi ń pariwo pé, "Fọkàn sí i!" Ó dùn mí títí dòní, torí ọkàn tí mo fi sí i gan-an ló ń bà á jẹ́. Iṣẹ́ tí ọwọ́ ti mọ̀ dunjú, tí o bá tún ń ṣọ́ ọ ní ìka kọ̀ọ̀kan, ó máa dàrú ni. Sọ̀ kalẹ̀ lórí àtẹ̀gùn kí o máa ronú ẹsẹ̀ tó kàn, wàá rí i.

Kì í ṣe ọ̀lẹ, kì í sì í ṣe àfọwọ́fà ẹnikẹ́ni. Bernhard Langer, ará Jámánì tó ń gbá gọ́ọ̀fù, léraléra ni ọwọ́ ẹ̀ ń gbọ̀n tó bá fẹ́ rọra gbá bọ́ọ̀lù sínú ihò. Ṣe ló ń yí bó ṣe ń di igi mú padà. Ó gba Masters, ọ̀kan lára ìdíje gọ́ọ̀fù tó tóbi jù, ní 1985, ó tún gbà á ní 1993.

Ohun tí èmi náà ṣe nìyẹn. Mo pa sáàfù àtijọ́ tì, mo kọ́ èyí tí wọ́n ń fi ẹ̀yìn bátì gbá, tí ọwọ́ mi ò tíì máa bẹ̀rù. Mo máa ń mí jáde pátápátá, màá wá wo lẹ́tà ara bọ́ọ̀lù, kì í ṣe ọwọ́ mi. Mo sì ní káwọn ọmọ àdúgbò yí tábìlì ká kí wọ́n máa pariwo; ẹni tó bá pàdánù á ra omi fún gbogbo wa. Oṣù mẹ́ta àkọ́kọ́, owó omi pọ̀ lọ́wọ́ mi.

Jọ̀ọ́, dá mi lóhùn: ṣé níbi jíjù ni ọwọ́ rẹ ti ń kú, àbí níbi gbígbá? Ohun tí màá ní kí o ṣe fún ọ̀kọ̀ọ̀kan yàtọ̀.