Dóńgóyárò ò pa tata mi, ṣé kí n dà á nù ni?

Ìbéèrè: Ẹ káàárọ̀ sà. Wọ́n ní kí n gún ewé dóńgóyárò, kí n rẹ ẹ́ sómi mọ́jú, kí n fín in sí ẹ̀fọ́ tẹ̀tẹ̀ mi. Mo ṣe é, ẹyọ tata kan ò kú, wọ́n ṣì ń fò kiri lórí ebè. Ṣé kí n kúkú lọ ra kẹ́míkà ni?

Ìdáhùn: Ẹ káàárọ̀ mà. Ẹ má tíì náwó yẹn o. Òkú tata lẹ ń wá, ihò ara ewé ló sì yẹ kẹ́ ẹ máa kà, torí dóńgóyárò kì í ṣe oògùn à-fín-kú, ẹnu kòkòrò ló ń bá jà.

Ẹ lóṣòó síwájú ewé kan láàárọ̀ kẹ́ ẹ máa wò ó. Tata á bà, á fi àwọn ọwọ́ kéékèèké tó yí ẹnu ẹ̀ ká gbá ewé yẹn tẹ́tẹ́tẹ́, ibẹ̀ ló fi ń tọ́ nǹkan wò, kódà ó ń fi ẹsẹ̀ tọ́ ọ wò. Irun tín-ín-rín ló wà níbẹ̀, nínú ẹ̀ lèyí tó ń mọ ṣúgà wà, èyí tó ń mọ ìkorò náà wà. Azadirachtin, èròjà kan tó wà nínú dóńgóyárò, á ta ti ìkorò jí, lára ọ̀pọ̀ kòkòrò á tún pa ti ṣúgà lẹ́nu mọ́, ewé tó dùn tẹ́lẹ̀ á wá dà bí ewúro tí wọn ò fọ̀. Ó lè gé e jẹ lẹ́ẹ̀kan, á bá tiẹ̀ lọ. Èyí tó bá fi agídí jẹ ẹ́, kò ní lè bọ́ awọ dáadáa mọ́ tó bá ń dàgbà, ìyẹn ò sì ní hàn lọ́jọ́ kan.

Lọ́dún 1959 ní Sudan, eéṣú ya wọlé, wọ́n jẹ ewé tó kù nílẹ̀, wọ́n bà sórí dóńgóyárò, wọn ò jẹ ẹ́. Onímọ̀ nípa kòkòrò kan, ará Jámánì, Heinrich Schmutterer, ló fojú ara ẹ̀ rí i.

Àmọ́ o, ohun tó korò fún wa kọ́ ló ń lé tata. Ewé Akíntọ́lá ní májèlé nínú òdòdó ẹ̀, tata sì ń sáré lọ bá a, ó ń kó májèlé yẹn pamọ́ sára kí ẹyin ẹ̀ má bàa rẹ́ni jẹ ẹ́ (ọgbọ́n burúkú!). Tó bá wà létí oko yín, ẹ gé e kó tó yọ òdòdó nígbà ẹ̀ẹ̀rùn. Ẹ̀gẹ́ náà ń kọ́? Ọmọ tata máa ń gé ewé ẹ̀ tútù jẹ, sáyánáìdì, ìyẹn májèlé inú ẹ̀gẹ́, á jáde, á fi í sílẹ̀, ṣùgbọ́n tí ewé yẹn bá ti rọ, wọ́n á jẹ ẹ́ dáadáa.

Ti yín báyìí, kóró èso dóńgóyárò lágbára ju ewé ẹ̀ lọ. Ẹ sá a níbòji, ẹ bó o, ẹ gún un, gíráàmù 50 sí omi lítà 1, ẹ rẹ ẹ́ mọ́jú, ẹ sẹ́ ẹ, ẹ fi ọṣẹ díẹ̀ sí i kó lè lẹ̀ mọ́ ewé. Ìrọ̀lẹ́ ni kẹ́ ẹ fín in, oòrùn ń bà á jẹ́, òjò sì ń fọ̀ ọ́ dànù, torí náà tí òjò bá rọ̀ ẹ tún un fín. Ẹ so òwú mọ́ ewé 10, ẹ ka ihò ara wọn lónìí, kẹ́ ẹ tún kà á lọ́jọ́ karùn-ún.