Ṣé ó ṣì yẹ kí a máa fi pẹ́ńsù ya àwòrán ilé?

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́, ọ̀gá. Ọdún kẹta rèé tí mo ti ń kọ́ iṣẹ́ yíya àwòrán ilé. Kọ̀ǹpútà ni mo fi ń ṣe gbogbo rẹ̀, àmọ́ olùkọ́ wa kan kò yé tẹnu mọ́ ọn pé ká máa fọwọ́ yà. Ṣé kì í ṣe àkókò wa ló ń fi ṣòfò báyìí?

Ìdáhùn: Kò fi ṣòfò, àbúrò. Ṣé o ti gbọ́ nípa Paul Revere Williams? Ayàwòrán ilé aláwọ̀ dúdú, ará Los Angeles ní Amẹ́ríkà ni, wọ́n bí i ní 1894, kò sì tíì pé ọmọ ọdún márùn-ún tí bàbá àti ìyá rẹ̀ fi kú. Olùkọ́ tirẹ̀ ní kó gbàgbé iṣẹ́ yìí: òyìnbó kò ní gbéṣẹ́ fún un, àwọn dúdú kò sì lówó ilé ńlá. Ó gbàwé àṣẹ ní 1921. Ní 1923, òun ni dúdú àkọ́kọ́ tó wọ ẹgbẹ́ àwọn ayàwòrán ilé ní Amẹ́ríkà.

Àwọn oníbàárà òyìnbó kan kì í fẹ́ jókòó ti dúdú. Williams bá kọ́ bí èèyàn ṣe ń yàwòrán ní ìdoríkodò. Oníbàárà á jókòó sódìkejì tábìlì, Williams á máa bi í ní ìbéèrè, pẹ́ńsù á sì máa rìn. Lójú tirẹ̀, ilé náà dorí kodò. Lójú ẹni tó fẹ́ kọ́lé, pàlọ́ àti àtẹ̀gùn ló ń hù jáde níwájú rẹ̀ gán-an. Ìwọ̀sí ló kọ́ ọ lọ́gbọ́n yẹn, mi ò ní bò ó mọ́lẹ̀. Ó ya ilé tó lé ní 2,000, ọ̀pọ̀ nínú wọn ládùúgbò tí wọn kò ti ní gbà kó gbé.

Ọlọ́rọ̀ kan, E. L. Cord, pè é nípa ilé ńlá kan. Williams ṣèlérí àwòrán fún un ní aago mẹ́rin ọjọ́ kejì, ó fi wákàtí 22 ṣiṣẹ́ láìsùn, iṣẹ́ sì bọ́ sí i lọ́wọ́.

Kọ̀ǹpútà dára fún ìwọ̀n, mi ò bá a jà. Ṣùgbọ́n ìgbà tí oníbàárà bá ń sọ̀rọ̀ lọ́wọ́ ni iṣẹ́ máa ń bọ́ síni lọ́wọ́ tàbí kó bọ́ mọ́ni lọ́wọ́, iná kì í sì í lọ lára pẹ́ńsù. Mú bébà, kí ọ̀rẹ́ rẹ jókòó sí iwájú rẹ, kó o ya yàrá kan sí ọ̀nà tirẹ̀: ògiri, ilẹ̀kùn, fèrèsé. Fi àtẹ̀gùn sílẹ̀ dìgbà tó bá yá. Èmi gan-an ṣì máa ń ṣì í.