Ọjà Ti Tú, Kí La Fẹ́ Sè?

Ẹ̀yin olùkà wa, ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta. Àfi bí ẹni pé ẹ jọ panu pọ̀ lóṣù yìí ni: púpọ̀ nínú lẹ́tà tó dé ọ̀dọ̀ mi ló ń béèrè bí èèyàn ṣe lè tọ́jú ohun tó wà nílé, kó sì sè é láìtún dé ọjà. Mẹ́rin nínú wọn ni mo mú.

Ẹ kú iṣẹ́ o, Mà. Òkè-Ìlèwó ni mo ti ń ṣiṣẹ́. Kí n tó dé ilé lálẹ́, ọjà ti tú. Ìndómì kì í sú ọkọ mi, àmọ́ màmá rẹ̀ ti wá bá wa gbé, ẹ sì mọ ohun tí mò ń sọ. Mo ní ẹ̀lùbọ́ láfún, orúnlá, irú, edé, ẹja gbígbẹ àti epo pupa nílé. Mo tún ní fírísà kékeré. Báwo ni mo ṣe lè tètè gbé ọbẹ̀ gidi kalẹ̀? — Ìyàwó Ilé, Ọbáńtokò

Ọmọ mi, o ní láfún, o ní orúnlá, o tún ń bẹ̀rù ìyá ọkọ? Bí màmá yẹn bá jẹ́ ọmọ Ẹ̀gbá, ọ̀rọ̀ ti bùṣe.

Bí o bá ti wọlé, kí o tó bọ́ aṣọ iṣẹ́, da omi gbígbóná sórí ẹja gbígbẹ kó máa rọ̀. Gbé omi ife méjì kaná. Ju kán-ún sí i, kó má ju orí èékánná ọmọdé lọ, torí bó bá pọ̀, ọbẹ̀ á máa ta ọṣẹ-ọṣẹ lẹ́nu. Nígbà tí omi bá hó, kó irú àti edé lílọ̀ sí i. Fi ọwọ́ kan máa wọ́n orúnlá lílọ̀ sí i díẹ̀díẹ̀, kí o sì máa fi ìjábẹ̀ jà á pẹ̀lú ọwọ́ kejì. Bí o bá dà á sí i lẹ́ẹ̀kan náà, á ṣù, kò sì sí ìjábẹ̀ tó máa tú u mọ́. Má dé ìkòkò, á hó dànù sórí gáàsì rẹ. Láàárín bí iṣẹ́jú márùn-ún, á ti yọ̀. Fi iyọ̀ sí i, ó parí.

Ọbẹ̀ ata tí wàá bù lé e lórí ló máa ń gba àkókò, ibẹ̀ ni fírísà ti wúlò. Ohun tí mo rí lọ́wọ́ ẹ̀yin ìyàwó ìwòyí ni pé ọbẹ̀ tó ti jinná tán lẹ máa ń kó sí fírísà, odindi ìkòkò, pẹ̀lú ẹran àti epo. Lọ́jọ́ tí ẹ bá fẹ́ jẹ ẹ́, á ti di òkúta, ẹ ó máa fi ọ̀bẹ gbẹ́ ẹ. Ata ni kí o tọ́jú, má tọ́jú ọbẹ̀.

Ní ọjọ́ Sátidé, ra tàtàṣé, rodo, tìmátì àti àlùbọ́sà ní Kútọ̀. Lọ̀ wọ́n, kí o sè wọ́n láìfi epo, láìfi iyọ̀, títí omi ara wọn á fi gbẹ. Jẹ́ kó tutù dáadáa. Bù ú sínú ọ̀rá kéékèèké, ìwọ̀n ìkòkò kan nínú ọ̀rá kan, kí o tẹ afẹ́fẹ́ inú rẹ̀ jáde, kí o wá tẹ́ ẹ pẹrẹsẹ bí ìwé kó tó dì. Èyí tó bá pẹlẹbẹ máa ń tètè dì, ó sì máa ń tètè yọ́. Lọ́jọ́ iṣẹ́, o lè ya ọ̀rá kan kí o jù ú sínú epo gbígbóná bó ṣe wà. Da ẹja tí o ti rẹ sí i, fi irú sí i. Kí láfún tó jinná lórí iná kejì, ọbẹ̀ ti délẹ̀. Fún bí oṣù mẹ́ta, adùn ata yẹn ò ní yẹ̀, bí fírísà bá ń dì gan-an, ìyẹn ìwọ̀n òtútù 18 sísàlẹ̀ òdo.

Ṣe bẹ́ẹ̀ fún omi ẹran náà. Má máa dà á nù. Ní ti ṣọkọ àti tẹ̀tẹ̀, má kó wọn sínú fírísà ní tútù. Tì wọ́n bọ inú omi híhó fún bí ìṣẹ́jú méjì, kó wọn sínú omi tútù lójú ẹsẹ̀, fún omi wọn dànù, kí o tó dì wọ́n. Òtútù nìkan kì í dá ohun tó ń mú ewé gbó dúró. Iná ló ń pa á. Ìdí nìyẹn tí ewé tí wọn ò bọ̀ fi máa ń dúdú nínú fírísà.

Àti pé, ọmọ mi, jẹ́ kí màmá bá ẹ ja orúnlá yẹn lálẹ́ ọjọ́ kan. Má béèrè ìdí.

Ìyá Olóúnjẹ, ẹ kú làákàyè. Òṣìṣẹ́-fẹ̀yìntì ni mí, èmi nìkan ni mò ń dá gbé. Iná lọ láàárọ̀ ọjọ́ Ẹtì, ìrọ̀lẹ́ Sátidé ló tó dé. Títùs àti ẹran màlúù wà nínú fírísà. Mo fi imú sí wọn, wọn ò rùn. Ṣé kí n sè wọ́n? — Bàbá Aṣérò

Bàbá wa, ẹ kú ìdúró iná. Ẹ má gbé ẹjọ́ yìí lọ bá imú. Oúnjẹ lè ti bàjẹ́ kó má tíì rùn.

Fírísà tó kún fọ́fọ́, tí ẹnikẹ́ni ò ṣí, lè pa òtútù rẹ̀ mọ́ fún bíi wákàtí 48. Èyí tó kún dé ìdajì, bíi wákàtí 24 ni. Tiyín ti kọjá wákàtí 30, nítorí náà ọwọ́ ni ẹ máa fi wò ó. Bí ẹran náà bá ṣì le, tàbí tí yìnyín ṣì hàn nínú rẹ̀, ẹ sè é lónìí. Bó bá ti rọ̀ pátápátá, tó sì ti ń lọ́ wọ́ọ́rọ́, ẹ dà á nù, ẹ má fún ajá aládùúgbò.

Títùs ni mo tún bẹ̀rù jù nínú méjèèjì. Irú ẹja bẹ́ẹ̀, bí ooru bá bá a, kòkòrò àìfojúrí máa ń ṣe májèlé kan sínú ẹran ara rẹ̀ tí sísè àti díndín kì í pa. Ẹni tó bá jẹ ẹ́, ojú rẹ̀ lè pọ́n, kí orí máa fọ́ ọ, kí ara máa yún un láàárín wákàtí kan. Owó ẹja ò tó owó ilé ìwòsàn, sà.

Fún ìgbà mìíràn, ẹ fi omi inú ọ̀rá, píọ́ wọ́tà yìí gan-an, dí gbogbo àyè tó bá ṣófo nínú fírísà. Tí wọ́n bá ti dì, wọ́n á bá yín mú òtútù dúró. Ẹ tún bu omi sínú ife, kó dì, kí ẹ wá gbé kọ́bọ̀ onírin kan lé e lórí. Mo mọ̀ pé àwọn àgbà bíi tiyín ṣì ní kọ́bọ̀ nílé. Nígbàkigbà tí ẹ bá ti ìrìn àjò dé tí ẹ bá kọ́bọ̀ náà nísàlẹ̀ ife, iná ti lọ pẹ́ nígbà tí ẹ ò sí nílé, omi ti yọ́ kó tó tún dì.

Ẹ̀gbọ́n, mo ra ẹ̀wà olóyin kóńgò mẹ́wàá ní Láfẹ́nwá, kòkòrò ti ń wọ̀ ọ́. Aládùúgbò mi ní kí n wọ́n Sniper sí i. Ẹ gbà mí nímọ̀ràn. — Ìyá Ìbejì, Ìta-Òṣìn

Ẹ má dán an wò! Oògùn apakòkòrò ni, kì í ṣe fún ohun jíjẹ. NAFDAC ti kìlọ̀ títí. Ohun tó wà nínú rẹ̀, dichlorvos, ló mú kí àwọn ilẹ̀ Yúróòpù ti ilẹ̀kùn mọ́ ẹ̀wà gbígbẹ Nàìjíríà ní 2015. Ẹ̀wà tí àwọn yẹn ò gbà wọ ìlú wọn ni aládùúgbò yín fẹ́ kí ìbejì jẹ.

Ẹ fẹ́ ẹ, ẹ ṣa á, ẹ dì í sínú ọ̀rá tí afẹ́fẹ́ ò lè wọ̀, kó wà nínú fírísà fún ọ̀sẹ̀ kan. Kòkòrò á kú, ẹyin wọn náà á kú. Bí ẹ bá gbé e jáde, ẹ má tú u lójú ẹsẹ̀. Ẹ jẹ́ kó lọ́ wọ́ọ́rọ́ nínú ọ̀rá yẹn, kí omi má bàa sẹ̀ sára ẹ̀wà. Lẹ́yìn náà, ẹ dà á sínú kẹ́ẹ̀gì gbígbẹ tó ní ìdérí.

Bó bá jẹ́ odindi àpò lẹ ń rà, àpò onípele mẹ́ta tí wọ́n ń pè ní PICS ni kí ẹ wá. Ọ̀rá méjì ló wà nínú, àpò lásán wà lóde. Bí ẹ bá dì í gírígírí, kòkòrò inú rẹ̀ á lo afẹ́fẹ́ tó kù tán, á sì dákẹ́. Kò gba oògùn kankan.

Ṣé irú ṣeé kó sí fírísà? Nínú rẹ̀ náà ni mo ti ń dì yìnyín tí mò ń tà. — Oníyìnyín, Adátán

Ó ṣeé kó sí i, ó sì máa ń pẹ́ dáadáa. Àmọ́ dì í sínú ọ̀rá méjì, kí o tún kó o sínú ike onídèérí tó dé gírí. Mo ti mu sóbò oníyìnyín rí níbi òde kan ní Ìbàrà, irú ni mò ń gbọ́ lẹ́nu títí mo fi délé. Mi ò béèrè ẹni tó ta yìnyín náà o.