Ìràwọ̀ yẹn kì í ṣe VC o

Ẹ̀gbọ́n, ẹ béèrè bóyá ìràwọ̀ tó wà láyà Frederick Roberts, ọ̀gágun ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ayé ọjọ́un, nínú fọ́tò yẹn ni Victoria Cross (VC), mẹ́dà tó ga jù tí ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ń fún akin ojú ogun. Rárá o. Mẹ́dà Kabul to Kandahar Star ni, ara àwọn ìbọn ńlá tí wọ́n gbà lọ́wọ́ Ayub Khan, olórí ogun Afghanistan, ní Kandahar ni wọ́n ti rọ ọ́, àwọn tó bá Roberts rìn láti Kabul lọ sí Kandahar ní August 1880 ni wọ́n sì fún, bíi sójà 10,000, ìrìn ọ̀sẹ̀ mẹ́ta nínú oòrùn Afghanistan, ọmọ Íńdíà ló sì pọ̀ jù nínú wọn, ẹ jọ̀ọ́ ká má gbàgbé ìyẹn. Kódà ẹṣin Roberts, Vonolel, gbà á, Queen Victoria ló fún un.

VC Roberts fúnra ẹ̀ ti pẹ́, Khudaganj ní Íńdíà ni, 2 January 1858: ó gba sójà ẹlẹ́ṣin ọmọ Íńdíà kan sílẹ̀ lọ́wọ́ ikú, ó tún lé àwọn ọ̀tá méjì tó ń gbé àsíá sá lọ bá, ó sì gba àsíá náà. Kanpur níbẹ̀ náà ni wọ́n bí i sí, 1832, òun ló sì wá di ọ̀gá pátápátá ológun Íńdíà láti 1885 sí 1893.

Èyí tó máa ń dùn mí ni ti ọmọ ẹ̀, Freddy. Òun náà gba VC, Colenso, South Africa, 1899, àmọ́ ọgbẹ́ ọjọ́ yẹn ló pa á, kò fojú kàn án.

Tẹ́ ẹ bá tún fọ́tò yẹn wò, VC ló máa ń ṣáájú gbogbo mẹ́dà tó kù.