Onígòjé ni Crowther, kì í ṣe Ọ̀pọ̀ Èrò

Ìbéèrè: Ìdílé Crowther ni wọ́n ti bí ìyá mi. Ọmọ mi tó wà ní Lọ́ńdọ̀nù ní wọ́n sọ fún òun ní iléèwé pé “ọ̀pọ̀ èrò” ni orúkọ náà túmọ̀ sí. Ṣé òótọ́ ni? Ṣé àwa àti àwọn Crowther òyìnbó sì bá ara wa tan?

Ìdáhùn: Ẹ sọ fún ọmọ yín pé kò rí bẹ́ẹ̀. Orúkọ iṣẹ́ ni Crowther. Bí a bá fẹ́ pè é ní Yorùbá, Onígòjé ló sún mọ́ ọn jù. Àwọn ará Wales ní ohun èlò orin kan láyé àtijọ́ tí wọ́n ń pè ní crwth, igi gbígbẹ́ tó ní igun mẹ́rin àti okùn mẹ́fà, tí wọ́n ń fi ọrun onírun ẹṣin fà bí a ṣe ń fa gòjé. Mẹ́rin nínú okùn náà ni ìka ń tẹ̀. Méjì yòókù wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, àtàǹpàkò ọwọ́ òsì sì lè máa ta wọ́n. Àwọn Gẹ̀ẹ́sì pe ohun èlò yìí ní crouth tàbí crowd, wọ́n sì pe ẹni tó ń ta á ní crouther. Crowd yìí àti èyí tó jẹ́ èrò kàn jọ ara wọn létí ni, orísun wọn kò pa pọ̀. Nígbà tó yá, ọmọ àti ọmọ ọmọ olórin ń jẹ́ orúkọ náà láì fọwọ́ kan okùn rí (Àyánwálé tiwa ṣì ń lu ìlù), pàápàá ní ìwọ̀ oòrùn Yorkshire.

Ní ti ìbátan, ìrìbọmi ló gbé orúkọ náà dé ọ̀dọ̀ Bíṣọ́ọ̀bù Àjàyí Crowther, kì í ṣe ẹ̀jẹ̀. Wọ́n kó o lẹ́rú ní Òṣogùn ní 1821, ọkọ̀ ojú omi ogun Gẹ̀ẹ́sì gbà á sílẹ̀ ní 1822, wọ́n sì gbé e lọ sí Freetown ní Sàró (Sierra Leone). Nígbà tí ó ṣe ìrìbọmi ní oṣù Kejìlá 1825, ó gba orúkọ Samuel Crowther, àlùfáà kan ní Lọ́ńdọ̀nù tó wà nínú CMS (Church Missionary Society), ẹgbẹ́ míṣọ́nnárì Ìjọ Áńgílíkà. Àjàyí ló sọ bí wọ́n ṣe bí i. Crowther kò sọ ju iṣẹ́ baba ńlá àlùfáà náà lọ.

Nítorí náà, bí ó bá jẹ́ láti Sàró ni ìdílé ìyá yín ti wá, ẹ má ṣe náwó sórí ìwé ìrìbọmi Yorkshire. Ìwé ìrìbọmi àwọn ìjọ Freetown ni kí ẹ wá, kí ẹ sì bi àwọn àgbà léèrè oríkì orílẹ̀ ìdílé náà, nítorí àwọn akọ̀wé ìjọ kì í kọ ọ́ sílẹ̀.